Bí ẹ ṣe lè fi omi ewé mọ̀ríńgà àti búsítà múra ẹ̀fọ́ yín sílẹ̀ de ọyẹ́

Tí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, ìbéèrè kan náà ló máa ń wọlé sórí fóònù mi láti Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì: "Ẹ jọ̀ọ́, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ni kí n fọ́n sí ẹ̀fọ́ mi?" Ohun kan náà ni mo sì máa ń dá wọn lóhùn: kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti fọ́n ọn. Ẹ̀fọ́ tí ẹ bá ti fún lágbára ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú máa ń dúró. Èyí tí atẹ́gùn ti fà gbẹ, èèhù tuntun ló kù tí ẹ máa retí lára rẹ̀. Ewé tó ti jó kò ní padà tutù mọ́.

Búsítà ni gbogbo wa ń pè é lọ́jà: omi tí a ń fọ́n sí ewé kí ohun ọ̀gbìn lè ta gbòǹgbò, kí ó sì lè di omi ara rẹ̀ mú. Kì í ṣe ajílẹ̀, kì í sì í ṣe oògùn kòkòrò. Nínú gbogbo wọn, èyí tí mo fọkàn tán jù ni omi ewé mọ̀ríńgà tútù. Èròjà kan wà nínú ewé náà tí wọ́n ń pè ní zeatin. Òun ló ń jẹ́ kí ewé pẹ́ kó tó gbó, òun náà ló ń mú kí èèhù yọ. Kò náni lówó púpọ̀, igi rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ọgbà ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò wa.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń bá jà

Ọ̀pọ̀ ìgò búsítà tó ń ti òkè òkun wá ló ń sọ̀rọ̀ nípa yìnyín. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ata, ilá, tòmátì àti kùkúńbà máa ń fara gbọgbẹ́ tí ìwọ̀n ooru bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 10 sí 12 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òru oṣù Ṣẹ́rẹ́ ní Jos lè dé ibẹ̀. Ti Ìkòròdú kì í dé ibẹ̀. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òtútù nìkan ló pa ilá yín ní Ìgbógbó, ẹ má tíì gbà.

Nǹkan méjì ni ọyẹ́ ń ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Lóru, ojú ọ̀run mọ́, ooru inú ilẹ̀ á fò lọ, ilẹ̀ á sì tutù títí ilẹ̀ fi mọ́ dáadáa. Gbòǹgbò tó wà nínú ilẹ̀ tútù kì í fa omi bó ṣe yẹ. Àsìkò yẹn gan-an ni atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ń fa omi jáde lára ewé. Gbòǹgbò ń tòògbé, ewé ń làágùn. Ìdí nìyẹn tí úgù fi lè sorí kọ́ ní aago mọ́kànlá àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ ìdí rẹ̀, omi wà níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́ ló nílò ìrànlọ́wọ́ yìí o:

- Ata, ilá, úgù, ìgbá, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ: ẹ fọ́n sí wọn, pàápàá nígbà tí wọ́n ṣì kéré.
- Tòmátì: òru tó tutù díẹ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́ láti so. Atẹ́gùn gbígbẹ ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ fọ́n sí i ní nọ́sìrì àti lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún un gbìn.
- Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì: wọ́n fẹ́ràn ìtútù. Ẹ fi owó yín pamọ́.
- Ewédú: èyí ló ń dá èdè àìyedè sílẹ̀ jù. Ewédú tó kéré, tó ti ń yọ òdòdó kó tó tó fà tu, kì í ṣe òtútù ló mú un. Bí ọ̀sán bá ti kúrú ni ewédú máa ń yára yọ òdòdó, ọ̀sán oṣù Kejìlá ló sì kúrú jù lọ́dún. Kò sí búsítà tó lè fa ọ̀sán gùn. Ẹ gbìn ín kó sún mọ́ra, kí ẹ fà á tu ní kékeré, kí ẹ tà á.

## Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Ewé mọ̀ríńgà tútù, kílò kan
- Blẹ́ńdà tàbí odó tó mọ́
- Aṣọ funfun méjì, tàbí asẹ́ tí ojú rẹ̀ kúnná
- Omi tí kò níyọ̀
- Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́
- Pọ́ǹpù tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, oní-lítà 16, tí kò tíì rí oògùn koríko rí
- Ife kan tí ẹ máa fi wọn nǹkan, kó jẹ́ ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí omi. Ẹ̀yin tí ọgbà yín wà lẹ́bàá ọ̀sà, bíi ti Èbúté àti Ìjẹ̀dẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò tó ń ṣàn wọ ọ̀sà máa ń fà, omi òkun á sì rọ́nà wọlé, ọ̀sà á wá níyọ̀ ju ti ìgbà òjò lọ. Ẹni tó bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ po búsítà, etí ewé rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jó, á sì rò pé búsítà ló le jù. Omi kànga náà, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó lò ó. Tí ó bá níyọ̀ lẹ́nu yín, ẹ wá òmíràn.

## Bí ẹ ṣe máa yọ omi ewé mọ̀ríńgà

1. Ẹ já ewé náà ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Ọ̀mùnú àti ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni ẹ máa já. Ewé tó ti ń pọ́n lórí igi kò ní agbára tí à ń wá.
2. Ẹ ṣàn án, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, ẹ yọ igi líle kúrò.
3. Ẹ lọ̀ ọ́. Omi tó máa jẹ́ kí blẹ́ńdà yí nìkan ni kí ẹ bù sí i, kó má ju ife ìmumi kan lọ fún kílò kan. Ẹni tó ń lo odó lè má bu omi sí i rárá.
4. Ẹ dà á sínú aṣọ, ẹ fún un dáadáa. Ohun tó máa jáde á dúdú bí omi ewúro tí a kọ́kọ́ fọ̀, pẹ̀lú ìfófòó lórí, òórùn rẹ̀ á sì dà bíi ti koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.
5. Ẹ tún un sẹ́. Ẹ má fo ibí yìí. Èérún ewé kan ṣoṣo ló máa dí ẹnu pọ́ǹpù, ẹ ó sì máa yọ ọ́, ẹ ó máa fẹ́ ẹ, nígbà tí omi ewé ń kán sí yín lẹ́sẹ̀.
6. Ẹ wọ̀n ọ́n: ife omi ewé kan sí ife omi ọgbọ̀n. Fún pọ́ǹpù lítà 16, ìdajì lítà omi ewé ló tó. Tí ohun tí ẹ rí fún kò bá tó ìdajì lítà, ẹ dín omi kù pẹ̀lú. Ẹ má kàn bu omi sí i títí pọ́ǹpù á fi kún.
7. Ẹ fi ọṣẹ olómi sí i, ṣíbí tíì kan fún lítà 16. Ọṣẹ yìí ló máa jẹ́ kí omi náà tẹ́ sórí ewé dípò kó máa yí dànù. Jẹ́jẹ́ ni kí ẹ rò ó kó má baà hó.
8. Ẹ lò ó tán láàárín wákàtí márùn-ún. Tí ó bá dọjọ́ kejì, ó ti ń kan nìyẹn, agbára rẹ̀ sì ti lọ. Èyí tí ẹ kò bá fẹ́ lò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó fomi là á ni kí ẹ ti gbé e sínú fíríìsà kó dì.

Ṣàǹtí ewé tó kù nínú aṣọ, ẹ kó o fún ewúrẹ́ tàbí kí ẹ dà á sórí ààtàn ajílẹ̀.

## Pọ́ǹpù yín gbọ́dọ̀ mọ́

Mo fẹ́ kí ẹ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó ti kó mi sí gbèsè rí. Lọ́dún kan, pọ́ǹpù mi bàjẹ́ nígbà tí mo ti po omi mọ̀ríńgà tán. Mo yá ti aládùúgbò mi kan. Mo fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fọ́n ọn sí gbogbo úgù mi. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀mùnú úgù ti ká jọ bí ọwọ́ ọmọ tuntun tó dì, ọrùn wọn lọ́, ewé tuntun tó yọ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Mo ti ń bínú sí mọ̀ríńgà kí aládùúgbò mi tó rántí pé oògùn koríko tí òun fọ́n sí oko àgbàdo òun ló wà nínú pọ́ǹpù náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Irú oògùn yẹn kì í ṣe àgbàdo ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìba díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lára rọ́bà pọ́ǹpù ti tó láti ba úgù jẹ́. Mo tu gbogbo rẹ̀ dànù.

Láti ọjọ́ náà, pọ́ǹpù méjì ni mo ní. Mo fi ọ̀dà pupa kun ìdí èyí tó wà fún oògùn koríko, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé e wọ inú ọgbà ẹ̀fọ́. Tí ẹ kò bá lágbára láti ra méjì, agolo ìbomirin tí ẹ lu ẹnu rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, tàbí ìgò kékeré tí wọ́n fi ń fọ́n omi sí irun, sàn fún bẹ́ẹ̀dì méjì-mẹ́ta ju pọ́ǹpù àyálò lọ.

## Ìgbà tí ẹ máa fọ́n ọn

- Ní nọ́sìrì: ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí irúgbìn bá ti yọ sókè.
- Kí ẹ tó tún un gbìn: ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.
- Lẹ́yìn tí ẹ bá tún un gbìn: ọjọ́ keje.
- Lẹ́yìn náà: ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, títí ọyẹ́ á fi kásẹ̀ nílẹ̀.
- Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí ẹ máa fà tu láàárín oṣù kan: ẹ̀ẹ̀mejì péré, ní ọjọ́ kẹwàá àti ọjọ́ ogún.
- Kí ẹ tó kórè: ẹ dáwọ́ dúró ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, kí oníbàárà yín má baà bá òórùn ọṣẹ lára ẹ̀fọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ọyẹ́ ń bọ̀? Àjọ NiMet, tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ní Nàìjíríà, máa ń kéde eruku ọyẹ́ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé eruku ti bo Kánò àti Maiduguri, ẹ gbé pọ́ǹpù yín. Ẹ má dúró dìgbà tó máa dé Èkó. Lọ́dọ̀ wa, ọyẹ́ kì í dúró pẹ́ lọ bíi ti òkè ọya. Ó lè mú fún ọjọ́ mélòó kan, kó lọ, kó tún padà wá. Àárín ìgbà tó lọ yẹn gan-an ni àsìkò tó dára jù láti fọ́n búsítà.

## Bí ẹ ṣe máa fọ́n ọn

1. Ẹ bomi rin ín ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀fọ́ tí òùngbẹ ń gbẹ kì í gba búsítà, ó máa ń jó o ni.
2. Ẹ fọ eruku kúrò lára ewé. Láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sórí ewé úgù, eruku á dì mọ́ yín níka bí ìyẹ̀fun èlùbọ́. Tí ẹ bá fọ́n búsítà lé irú ewé bẹ́ẹ̀, eruku lẹ fọ́n ọn sí.
3. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ìdí ẹ̀fọ́ márùn-ún. Ẹ dúró fún ọjọ́ méjì. Tí etí ewé bá pọ́n tàbí tó jó, ẹ tún fi omi là á sí i.
4. Láàárín aago mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn. Lọ́sàn-án, atẹ́gùn á ti gbẹ ẹ́ kí ewé tó mu ún. Láàárọ̀ kùtù, ewé ṣì tutù, kò tíì jí dáadáa.
5. Abẹ́ ewé ni kí ẹ dojú ẹnu pọ́ǹpù kọ, ibẹ̀ ni ihò tí ewé fi ń mí pọ̀ sí. Kó tutù, kó má ṣàn sílẹ̀.
6. Ẹ fi bẹ́ẹ̀dì kan sílẹ̀ láì fọ́n nǹkan kan sí i. Èyí ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn, torí ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọmọ kan sílẹ̀ láì fún un lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá ní èyí tí ẹ máa fi wé e, ẹ kò ní mọ̀ bóyá búsítà ṣiṣẹ́ tàbí ọyẹ́ ọdún yẹn ni kò mú.

## Tó bá jẹ́ ti inú ìgò lẹ fẹ́ rà

Ẹ máa rí oríṣiríṣi ní ọjà Sábó ní Ìkòròdú. Èyí tí mo máa ń sọ pé kí ẹ wá ni èyí tí wọ́n fi koríko inú òkun ṣe. Àwọn olóko ní ibi tí òtútù ti mú gan-an ló ń lò ó láti jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ewé di omi mú, iṣẹ́ kan náà ló sì ń bá wa ṣe nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọyẹ́. Èyí tó ní humic acid, ìyẹn èròjà tó ń wá láti ara ohun ọ̀gbìn tó ti jẹrà, dára fún gbòǹgbò. Ìdí ẹ̀fọ́ ni kí ẹ dà á sí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá:

- wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìgò;
- wọ́n kọ iye mílílítà tí ẹ máa fi sí lítà omi kan;
- ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa parí hàn ketekete;
- ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí rí.

Mo ti ra ìgò kan rí lọ́wọ́ oníṣòwò kan, àwòrán tòmátì ńlá nìkan ló wà lára rẹ̀. Mo ṣí i, ó rùn bí yúríà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo fọ́n ọn, ata mi tutù yọ̀yọ̀, inú mi dùn. Ọyẹ́ wá dé, ó gbá gbogbo ọ̀mùnú rírọ̀ yẹn gbẹ. Ajílẹ̀ onínítírójìn ni wọ́n pè ní búsítà fún mi. Irú ajílẹ̀ yẹn máa ń jẹ́ kí ara ẹ̀fọ́ rọ̀, ohun tó sì rọ̀ ni ọyẹ́ kọ́kọ́ ń mú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ọyẹ́, ẹ má da yúríà tàbí ìgbẹ́ adìẹ tuntun sí ìdí ẹ̀fọ́. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ fi ajílẹ̀ sí i, ẹ lo èyí tí pòtásíọ̀mù rẹ̀ pọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún GA3, èròjà kan tó ń mú kí ohun ọ̀gbìn nà sókè. Ó ń mú kí ẹ̀fọ́ ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kò wúlò nínú atẹ́gùn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá lo ìgò kan, ìdajì ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù

- Kíkì í jù. "Kó lè tètè ṣiṣẹ́." Omi mọ̀ríńgà tó ki jù máa ń fa ìdàgbàsókè sẹ́yìn ni.
- Pípo ó mọ́ oògùn kòkòrò nínú pọ́ǹpù kan náà. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sáàárín wọn.
- Dída eérú pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tàbí yúríà. Eérú igi dára fún pòtásíọ̀mù, ẹ̀kúnwọ́ kan yí ìdí ata ká ti tó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ, òórùn tó máa ta yín nímú yẹn ni oúnjẹ ẹ̀fọ́ yín tó ń fò lọ.
- Fífi búsítà rọ́pò omi. Kò ṣeé ṣe.

## Tí ẹ kò bá ní mọ̀ríńgà, tí owó kò sì sí

Ẹ ṣe mẹ́ta yìí. Mo rí ọgbà tí wọ́n ti ṣe é láì lo búsítà kankan, tó sì dára ju ti ẹni tó ń fọ́n gbogbo nǹkan lọ.

Àkọ́kọ́, ẹ dí atẹ́gùn. Láti àárín àríwá àti ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹ ri imọ̀ ọ̀pẹ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, kó ga tó àyà yín, ẹ má ṣe dí i pátápátá. Kí atẹ́gùn díẹ̀ máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá tètè rántí lè gbin ìlà àgbàdo méjì síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án.

Ìkejì, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kó nípọn tó ìka mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kó kan ọrùn ẹ̀fọ́, kó má baà rà.

Ìkẹta, ẹ bomi rin ín nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ṣì wà díẹ̀. Ilẹ̀ tó tutù pẹ̀lú omi máa ń di ooru ọ̀sán mú di òru ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Tó bá di dandan kí ẹ bomi rin ín láàárọ̀, ẹ fa omi kànga tuntun. Ẹ ti ọwọ́ bọ garawa náà: omi kànga lọ́wọ́ọ́rọ́, nígbà tí omi tó sun inú táńkì lókè tutù bí omi yìnyín. Irú omi táńkì yẹn ló máa ń jẹ́ kí ọmọ ata dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì.

## Tí ó bá jẹ́ pé kì í ṣe ọyẹ́

Ẹ ń rí àmì funfun tó-tò-tó lórí ewé ìgbá tàbí tòmátì, ewé ń di bí idẹ, ẹ sì ti fọ́n búsítà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ mú ìwé funfun kan, ẹ gbé e sábẹ́ ewé, ẹ gbá ewé náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí ohun pupa wẹ́wẹ́ bá bọ́ sórí ìwé, ẹ tẹjú mọ́ ọn fún bí ìṣẹ́jú kan. Tí wọ́n bá ń rìn, kòkòrò ni, irú èyí tó ń ta òwú bí aláǹtakùn sí abẹ́ ewé, tó sì ń gbèrú nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ dá búsítà dúró. Ẹ já ewé tó ti bàjẹ́ jù, ẹ kó o jìnnà sí ọgbà kí ẹ sun ún, kí ẹ sì máa fi omi tó ń tú jáde gidi fọ abẹ́ ewé tó kù ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ padà fi ìwé funfun náà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ tí kò bá sí ohun tó ń rìn lórí rẹ̀ mọ́ ni kí ẹ tó tún po omi mọ̀ríńgà.